Kíkó Ogun Kọjá Òkun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa REFORGER àti Àwọn Ìdánrawò Ńlá Tó Tẹ̀lé E

Kí ni wọ́n ń dán wò gan-an nínú irú ìdánrawò báyìí?

Èèyàn á rò pé ìbọn ni. Sójà ti mọ ìbọn yìn ní bárékè rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ohun tí wọ́n ń dán wò ni bóyá ó lè débi ìjà: kó gba èbúté àti pápákọ̀ òfurufú ẹlòmíì kọjá, kó bá ọkọ̀ tó máa gbé e níbi tí wọ́n ní ó wà, kí ọkọ̀ náà ṣáná, kí epo wà nínú rẹ̀, kí afárá tó fẹ́ gbà lè rù ú, kó sì bá àwọn ọmọ ogun tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Bí ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí bá yẹ̀, gbogbo ìbọn tó kù di ẹrù tí à ń rù kiri.

REFORGER la fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ níbí. Òun ni ìdánrawò tí Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ nínú NATO ń ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì láti 1969 títí di 1993, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn aṣètò ń lò lónìí ti wá.

Báwo ni REFORGER ṣe bẹ̀rẹ̀?

Owó àti ogun Vietnam ló bí i. Ní 1967, Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fẹnu kò pé kí nǹkan bí 28,000 sójà Amẹ́ríkà padà sílé. Èyí tó pọ̀ nínú dífíṣọ̀n kẹrìnlélógún (dífíṣọ̀n ni ikọ̀ ńlá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà) lọ sí Fort Riley ní Kansas ní 1968. Ẹ̀rù ń ba àwọn ará Jámánì pé ẹni tó lọ lè má padà mọ́, nítorí náà Amẹ́ríkà ṣèlérí pé àwọn á máa wá fi hàn lóòrèkóòrè pé àwọn lè padà. Orúkọ ìdánrawò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí dídá ọmọ ogun padà sí Jámánì ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968 ni ogun Sófíẹ̀tì wọ Czechoslovakia. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, nǹkan bí 12,000 sójà ti wà ní pápá Grafenwöhr, nítòsí ààlà Czechoslovakia yẹn gan-an.

Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò kó tó dìgbà náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, nínú ohun tí wọ́n pè ní Big Lift, wọ́n fi bàálù kó nǹkan bí 15,000 sójà dífíṣọ̀n olótáǹkì kejì láti Texas dé Jámánì láàárín wákàtí 63. Èèyàn nìkan ni wọ́n kó. Àwọn táǹkì ogun ti wà ní Jámánì tí wọ́n ń dúró dè wọ́n.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi bàálù kó táǹkì náà?

Torí pé bàálù kò tó. C-5, tó tóbi jù nínú bàálù akẹ́rù Amẹ́ríkà, kì í gbé ju táǹkì Abrams méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. C-17 ń gbé ẹyọ kan. Bàtálíọ̀nù olótáǹkì kan, ìyẹn ẹ̀ka kékeré nínú dífíṣọ̀n, ní táǹkì 58 láyé REFORGER. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìrìn-àjò bàálù 29 fún táǹkì bàtálíọ̀nù kan péré, láìka ọkọ̀ epo, ọkọ̀ oúnjẹ, ọkọ̀ àtúnṣe àti ọta. Ohun tí NATO sì ń lé nígbà náà ni dífíṣọ̀n 10 ní Yúróòpù láàárín ọjọ́ 10.

Ọ̀nà méjì ló wá kù. Èkíní ni ọkọ̀ òkun. Àwọn ọkọ̀ òkun ayára mẹ́jọ tí Amẹ́ríkà rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò lẹ́yìn 1980 ń sáré ju 30 nọ́ọ̀tì lọ (nǹkan bí kìlómítà 55 ní wákàtí kan), wọ́n sì lè la Àtìláńtíìkì já láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kíkó ẹrù sínú wọn àti jíjá a sílẹ̀ tún ń gba ọjọ́ tirẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ọ̀nà kejì ni kí ọkọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní POMCUS: gbogbo ohun tí ikọ̀ kan nílò, láti orí táǹkì dé orí ṣọ́bìrì, tí wọ́n kó jọ sójú kan lórúkọ ikọ̀ náà. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí wọ̀nyí kọ́kọ́ wà ní gúúsù Jámánì, ní Mannheim, Kaiserslautern àti agbègbè wọn. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ òmíràn sí Mönchengladbach, sí Brunssum àti Coevorden ní Nẹ́dálándì, àti sí Grobbendonk àti Zutendaal ní Bẹ́ljíọ̀m.

Báwo ni gbígba ọkọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí ṣe ń lọ?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdánrawò ti ń pàdánù ọjọ́ àkọ́kọ́. Ikọ̀ aṣáájú gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú àwọn yòókù, pẹ̀lú ìwé tó to nọ́ḿbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti orúkọ awakọ̀ tó máa gbà á. Sójà dé láàárọ̀, oorun bàálù ṣì wà lójú rẹ̀, bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ilé ńlá náà gbẹ nínú, torí ẹ̀rọ kan ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kí irin má baà dógùn-ún. Táǹkì to ẹnu sí ẹnu, wọ́n ti yọ wáyà bátìrì wọn. Awakọ̀ á wo nọ́ḿbà ara ọkọ̀ mọ́ ti inú ìwé, á ka irinṣẹ́ inú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, á wo epo ẹ́ńjìnnì, á so bátìrì, á ṣáná, á wa ọkọ̀ jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń bu epo, ibẹ̀ ni á sì ti fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

Bátìrì ló ń fa ìjákulẹ̀ jù. Ọkọ̀ tó jókòó fún ọdún méjì láìṣáná lè kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀, bí mẹ́wàá bá sì kọ̀ lórí ìlà kan, ogún tó wà lẹ́yìn wọn kò ní lè jáde. Ètò tó dáa ń ní àpótí bátìrì tuntun lẹ́nu ọ̀nà àti ọkọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fa ọkọ̀ tó bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Òmíràn ni pé irú ọkọ̀ tó wà nínú ilé yìí lè má bá èyí tí sójà fi kẹ́kọ̀ọ́ nílé mu. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí táǹkì M1, ìyẹn Abrams, tí wọ́n fún ní M60 tó ti pẹ́ jù ú lọ á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé sínú ilé àjèjì lóru.

Oṣù mélòó ni ètò ń gbà?

Ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ fún èyí tó tóbi, àwọn kan tilẹ̀ ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú NATO, ìpele mẹ́rin ni: wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò sílẹ̀, wọ́n á ṣe ètò, wọ́n á ṣe ìdánrawò, wọ́n á sì ṣàyẹ̀wò ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìpàdé ńlá mẹ́ta ló ń so ìpele kejì ró: ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí. Ní ti ìbẹ̀rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń sọ iye èèyàn tó máa mú wá. Ní ti àárín ni wọ́n ń jà lórí pápá, ojú irin àti owó. Nígbà tí wọ́n bá dé ti ìparí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa mú ohun tuntun wá. Bí ẹnì kan bá tún fẹ́ fi bàtálíọ̀nù kan kún un níbẹ̀, kí olórí ètò ní agbára láti sọ pé rárá.

Àṣìṣe tó ń pa ètò jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú iye sójà kí wọ́n tó mú ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. “A ó mú 40,000 wá” kì í ṣe èrèdí. “A fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́ọ̀ kan (corps, àkójọ dífíṣọ̀n mélòó kan) láti Texas lè gba ọkọ̀ rẹ̀ ní àríwá Jámánì kó sì wọ abẹ́ àṣẹ ọ̀gágun tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà” ni èrèdí. Ohun tí REFORGER 1987 dán wò gan-an nìyẹn: nǹkan bí 35,000 sójà, tí kọ́ọ̀ kẹta láti Fort Hood ní Texas léwájú wọn, wọ inú ẹgbẹ́ ogun àríwá NATO tí Bìrìtéènì ń darí.

Àwọn ọmọ ogun rìsáàfù ńkọ́? Ibo ni wọ́n ti wọlé?

Ibi gbogbo. Rìsáàfù ni àwọn tó níṣẹ́ tiwọn lójoojúmọ́, olùkọ́, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, tí ìjọba ń pè nígbà ìlò. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́ nínú irú ìdánrawò yìí ni jíjá ẹrù ní èbúté, wíwa tírélà, pípín epo, dídarí ọkọ̀ lójú pópó, ìtọ́jú aláìsàn. Bí wọn ò bá dé, ẹni tó dé kò ní rìn. Nínú Lionheart, ìdánrawò Bìrìtéènì ní Jámánì ní 1984, ó ju 130,000 ará Bìrìtéènì tó kópa, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn sì jẹ́ rìsáàfù tó gba orí òkun àti òfurufú kọjá. Ní 1986, bìrìgéèdì kejìlélọ́gbọ̀n ti National Guard (ọmọ ogun rìsáàfù ti ìpínlẹ̀) ní Wisconsin kó ara rẹ̀ látòkèdélẹ̀ lọ sí Jámánì fún REFORGER.

Ìṣòro wọn ni ọjọ́. Lábẹ́ ètò Amẹ́ríkà, òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti nǹkan bí ọjọ́ 15 lọ́dún ni rìsáàfù ń lò. Ẹ jẹ́ ká pín ọjọ́ 15 náà: ọ̀kan fún ìwé, owó àti àyẹ̀wò ìlera, méjì fún bàálù àti ìsinmi, méjì fún gbígba ọkọ̀, ọ̀kan lójú ọ̀nà, ọ̀kan fún ìrìn padà, méjì fún fífọ ọkọ̀ àti dídá a padà, ọ̀kan láti wọ bàálù lọ ilé. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù ní pápá. Bí bàálù bá pẹ́ ní ọjọ́ kan, tí bátìrì jẹ ọjọ́ kan, ó ku mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí aṣètò tó gbọ́n fi ń béèrè fún ọjọ́ 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń parí ìwé àṣẹ awakọ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àyẹ̀wò eyín nílé, oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹ má fi eyín ṣeré. Sójà tí eyín ń dùn ní pápá kì í ṣe sójà mọ́.

Ọmọ wa wà ní rìsáàfù ní Houston, èyí àbúrò rẹ̀ sì wà ní London. Kí ló yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe?

Òfin ìlú méjèèjì kò dọ́gba. Ní Amẹ́ríkà, òfin USERRA ti 1994 dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, àní bó tilẹ̀ jẹ́ ìdánrawò lásán ló lọ. Kó sọ fún agbanisíṣẹ́ ṣáájú, ó sì sàn kó jẹ́ lórí ìwé. Bí ọjọ́ tó lò kò bá tó 31, ó gbọ́dọ̀ padà síṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn lẹ́yìn tó bá ti délé láyọ̀ tó sì ti sinmi wákàtí mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 31 sí 180, ó ní ọjọ́ 14 láti sọ pé òun fẹ́ padà.

Ní Bìrìtéènì, òfin 1985 ń dáàbò bo iṣẹ́ ẹni tí ìjọba pè jáde fún iṣẹ́ ogun gidi, ṣùgbọ́n kò kan agbanisíṣẹ́ nípá láti fún èèyàn láyè lọ sí ìdánrawò. Ọ̀sẹ̀ méjì tó máa lò ní àgọ́ ìdánrawò lè di ìsinmi ọdún rẹ̀. Kó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọjọ́ ìdánrawò bá ti jáde, kó má dúró di oṣù tó kàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò ojú ọ̀nà?

Ẹ mú ọ̀wọ́ ọkọ̀ 100. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá gùn ní mítà 10, tí àlàfo mítà 100 wà láàárín wọn, ọ̀wọ́ náà gùn tó kìlómítà 11. Bó bá ń rìn ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ó máa gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ààbọ̀ kó tó kọjá oríta kan tán. Bí ọ̀wọ́ mẹ́wàá bá fẹ́ gba oríta kan náà, ó ti di wákàtí méjì ààbọ̀ ó lé, láìsí àlàfo láàárín ọ̀wọ́ sí ọ̀wọ́. Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé àti ọkọ̀ pajáwìrì ní láti gba ibẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gé ọ̀wọ́ sí wẹ́wẹ́, ọkọ̀ bíi 20 lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ń fún ìkọ̀ọ̀kan ní aago tó gbọ́dọ̀ dé oríta àti aago tó gbọ́dọ̀ kúrò. Ọkọ̀ tó ṣáájú ń ta àsíá búlúù, èyí tó kẹ́yìn ń ta àwọ̀ ewé, kí ọlọ́pàá lè mọ̀ pé ọ̀wọ́ ti parí.

Táǹkì kì í rin ọ̀nà jíjìn lórí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ó ń jẹ títì, ó ń jẹ ara rẹ̀, ó sì ń mu epo. Abrams kan ń gba nǹkan bí 1,900 lítà, ìyẹn ju 110,000 lítà lọ láti bu epo sí bàtálíọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ọkọ̀ ojú irin ni. Òun náà ní tirẹ̀: Abrams fẹ̀ ju mítà 3.6 lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí mítà 3.15 ni ìwọ̀n fífẹ̀ ẹrù tí rélùwéè Yúróòpù ń gbà láìsí àṣẹ pàtàkì. Ẹrù tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń béèrè pé kí wọ́n yan ọ̀nà fún un, kí wọ́n sì máa dá ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ lápá kejì dúró ní àwọn ibi kan. Tí ẹ bá ti Pólándì wọ inú Lituéníà, irin ọ̀nà fúnra rẹ̀ tún yí padà níwájú, láti 1,435 sí 1,520 mìlímítà. Gbogbo ẹrù á bọ́ sílẹ̀, á tún wọ ọkọ̀ mìíràn.

Kí ni àmì róbótó aláwọ̀ yẹ́lò tó wà lẹ́bàá afárá ní Jámánì?

Ọ̀rọ̀ ogun ni. Láyé tí ẹ̀rù ogun Sófíẹ̀tì ń bà wọ́n, wọ́n fi àmì yìí sí ẹ̀bá afárá káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì: nọ́ḿbà dúdú, àwòrán táǹkì fún ọkọ̀ onírin-ẹsẹ̀, àwòrán ọkọ̀ akẹ́rù fún onítáyà. Ọfà kan túmọ̀ sí pé ọ̀nà kan péré ni wọ́n gbà á, ọfà méjì túmọ̀ sí lílọ àti bíbọ̀ pọ̀. Nọ́ḿbà náà kì í ṣe tọ́ọ̀nù gan-an, ipò ni, bó tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ ogun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Bí tirẹ̀ bá ju ti afárá lọ, kó wá ọ̀nà mìíràn. Abrams tó wà lóde lónìí ju 60 tọ́ọ̀nù lọ, táǹkì àti tírélà tó gbé e sì wúwo ju èyíinì lọ dáadáa. Aṣètò tó fi àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ṣiṣẹ́ láìrán ẹ́ńjínnìà lọ wo afárá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ń ta tẹ́tẹ́.

Ṣé ìwé àṣẹ lè dá ogun ọ̀rẹ́ dúró lóòótọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ọlọ́pàá Jámánì dá tírélà mẹ́fà ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan láti Pólándì dúró lójú ọ̀nà A4. Ìbọn ńlá M109 Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé. Ẹrù ti wúwo jù, ìwé kò pé, àwọn awakọ̀ sì ti wakọ̀ kọjá wákàtí tí òfin gbà. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀ o. Ọlọ́pàá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ohun tó ń fa irú èyí ni pé wọ́n ń fi iṣẹ́ fún akẹ́rù tí owó rẹ̀ kéré jù, wọ́n sì ń rò pé sójà kì í tẹ̀lé òfin ojú pópó. Lásìkò àlàáfíà, ó ń tẹ̀lé e. Ẹ kọ ìwọ̀n ẹrù gan-an sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé olùṣe ọkọ̀. Ọta, epo àti àpótí tí sójà so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lè fi tọ́ọ̀nù kún un.

Kí ni onílé ń ṣe fún àlejò?

Ilẹ̀, epo, bùrẹ́dì, omi, ilé ìgbẹ́, ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn, ojú irin. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, Amẹ́ríkà àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fọwọ́ sí àdéhùn pé bí ogun bá dé, rìsáàfù Jámánì tó tó 93,000 á máa ṣe irú iṣẹ́ wọ̀nyí fún àwọn dífíṣọ̀n tó ń bọ̀. Ìdánrawò ni ibi tí wọ́n ti ń mọ̀ bóyá àdéhùn orí ìwé lè sọ ilé ìdáná kalẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí.

Ogun orílẹ̀-èdè méjì pàdé. Kí ló ń kọ́kọ́ ya wọ́n nípa?

Rédíò. Ti oníkálukú ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí tirẹ̀ tí ti ẹnì kejì kò lè ṣí. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ikọ̀ kan rán ọ̀gá kan, awakọ̀ kan àti rédíò tirẹ̀ lọ jókòó sí àgọ́ ẹnì kejì, kó jẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì tó sì lẹ́nu láti bá ọ̀gágun sọ̀rọ̀. Ipò kékeré kọ́ ni wọ́n ń fi síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwòrán ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń lo ìwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù ti 1950 tí ẹnì kejì ń lo WGS84, ìyẹn ìwọ̀n gbogbo ayé, nọ́ḿbà ibì kan náà lè fi ọgọ́rùn-ún mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Fún ìbọn ńlá, ìyàtọ̀ yẹn ń pa ọ̀rẹ́. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n tí wọ́n yàn sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ètò. Ní ti epo, NATO ti fẹnu kò sórí irú kan fún bàálù àti ọkọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu ìbu epo pẹ̀lú; epo lè bára mu kí ẹnu rọ́bà má bára mu.

Ṣé dandan ni kí wọ́n sọ fún ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá ti kọjá ìwọ̀n kan. Nínú àdéhùn Stockholm ti 1986, tí NATO, ìhà Sófíẹ̀tì àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòókù jọ ṣe, ìdánrawò tó bá ní sójà 13,000 tàbí táǹkì 300 gbọ́dọ̀ di mímọ̀ ní ọjọ́ 42 ṣáájú. Bí sójà bá pé 17,000, wọ́n gbọ́dọ̀ pe alákìíyèsí láti ìhà kejì. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ogun Sófíẹ̀tì fi wà ní Jámánì tí wọ́n ń wo REFORGER 1987 pẹ̀lú ojú ara wọn. Nínú Ìwé Vienna ti 2011, ọ̀kan lára àwọn àdéhùn tó rọ́pò rẹ̀, ìwọ̀n náà ti wá sílẹ̀ dé sójà 9,000 tàbí táǹkì 250.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì wà nínú ìtàn 1983. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún náà, REFORGER kó nǹkan bí 19,000 sójà dé, àwọn bàálù náà sì pa rédíò wọn. Ìdánrawò Able Archer, tó dá lórí ohun ìjà átọ́míìkì, tẹ̀lé e ní oṣù kọkànlá, ẹ̀rù sì ba àwọn kan ní Moscow pé bóyá ogun gidi ni. Ìdánrawò tó jọ ogun jù, tí kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nípa rẹ̀, léwu ju èyí tí kò jọ ogun tó.

Oko tí táǹkì bà jẹ́ ńkọ́?

Wọ́n ń san án. Lábẹ́ àdéhùn NATO, bí ogun orílẹ̀-èdè àlejò kan bá ba nǹkan jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àlejò á san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, onílé á san 25. Àgbẹ̀ Jámánì ní oṣù mẹ́ta láti mú ẹ̀sùn rẹ̀ wá. Àmọ́ kò yẹ kó dúró di ìgbà náà. Ikọ̀ kan, ẹ́ńjínnìà àti ògbufọ̀ nínú ọkọ̀ kékeré, ń tẹ̀lé ogun lẹ́yìn. Wọ́n á wọn ojú ipa táǹkì nínú oko pẹ̀lú teèpù, wọ́n á ya fọ́tò ọgbà tó wó, wọ́n á kọ ọjọ́ àti nọ́ḿbà ikọ̀ tó kọjá. Bí kòtò bá wà lójú títì, wọ́n á dí i lọ́jọ́ náà kí alùpùpù má baà kó sí i lálẹ́.

Àsìkò ọdún ló ń dín gbèsè kù jù. Oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn ìkórè, tàbí oṣù kìn-ín-ní nígbà tí ilẹ̀ bá dì, ni wọ́n ń mú. Ṣùgbọ́n òtútù kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gágun. Bí ilẹ̀ bá kọ̀ láti dì, ẹrẹ̀ ni. Ní REFORGER ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1990, wọ́n ti ń fi ọkọ̀ onítáyà dúró fún táǹkì, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà ja púpọ̀ nínú ogun náà. Oko yè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ bí táǹkì ṣe ń rìn láti ara ọkọ̀ kékeré á rò pé gbogbo afárá ló lè gbé e.

Ta ló ń ṣe ọ̀tá, báwo ni wọ́n sì ṣe ń mọ ẹni tó “kú”?

Apá kan nínú ogun kan náà ni, pẹ̀lú àmì mìíràn lára ọkọ̀. Láti nǹkan bí 1980 ni ìmọ́lẹ̀ lésà ti ń jáde lẹ́nu ìbọn, tí ẹ̀rọ ara sójà á sì ké bó bá bà á. Fún ìjà ńlá, rẹfirí ló ń dájọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ àti rédíò tirẹ̀. Rẹfirí tó bá ń wọ ọkọ̀ àwọn tó ń dá lẹ́jọ́ kì í pẹ́ di ọmọ wọn.

Kí ló ń pa èèyàn nínú ìdánrawò?

Ojú ọ̀nà ni olórí ewu. Awakọ̀ tí kò sùn, òru, títì tóóró, táǹkì tí kò ní iná ẹ̀yìn. Ẹ kọ wákàtí oorun sínú ètò bí ẹ ṣe ń kọ epo. Òmíràn ni èéfín: sójà tó tan hítà nínú àgọ́ tó dé pinpin, tàbí tó sùn sẹ́bàá ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ìkẹta ni ọta gidi tó dà pọ̀ mọ́ ọta èké. Bí wọ́n bá fẹ́ yin ọta gidi, kó jẹ́ ọjọ́ mìíràn àti pápá mìíràn, kí wọ́n sì tú gbogbo àpò àti àgbá ìbọn wò kí wọ́n tó padà sí ìjà èké.

Bí nǹkan bá yí padà nígbà tí ogun ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ìdánrawò Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Defender-Europe ti 2020 ni ẹ wò. Nǹkan bí 20,000 sójà ni wọ́n ní kó ti Amẹ́ríkà wá. Àrùn kòrónà dé ní oṣù kẹta, wọ́n dá ìrìn-àjò dúró nígbà tí nǹkan bí 6,000 ti dé. Torí pé wọ́n ti pín ètò sí ègé tó lè dá dúró, gbígbé ọkọ̀ jáde nínú ilé ìkẹ́rùsí kò ṣòfò. Kí ègé kọ̀ọ̀kan nínú ètò ní ibi tí wọ́n ti lè gé e láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ wó. Steadfast Defender ti NATO ní 2024, tó kó nǹkan bí 90,000 èèyàn jọ láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù karùn-ún, jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀ ìdánrawò kéékèèké tí wọ́n so pọ̀.

Ìgbà wo ló parí?

Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fọn fèrè. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 2018, ọjọ́ kejì tí ìdánrawò NATO tó ń jẹ́ Trident Juncture parí ní Nọ́wè, ọkọ̀ ogun Helge Ingstad tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ forí sọ ọkọ̀ epo Sola TS lóru. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rò pé iná ọkọ̀ epo náà jẹ́ ti èbúté. Gbogbo èèyàn 137 inú rẹ̀ yè, ọkọ̀ náà rì.

Lórí ilẹ̀, iṣẹ́ tó kù ni fífọ ọkọ̀. Amẹ́ríkà kì í gba erùpẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọlé, torí kòkòrò àti èso koríko. Wọ́n á tú aṣọ irin ẹ̀gbẹ́ táǹkì sílẹ̀, wọ́n á fi omi alágbára fọ abẹ́ rẹ̀, olùyẹ̀wò á wá fi tọ́ọ̀ṣì tàn sí kọ̀rọ̀ irin ẹsẹ̀. Bó bá rí ẹrẹ̀ tó tó ẹ̀kún ìka, ọkọ̀ náà á padà sẹ́yìn ìlà. Ibi ìfọkọ̀ mẹ́rin fún ọkọ̀ 300 kò lè tó láéláé, àmọ́ iye tí wọ́n sábà máa ń yá nìyẹn, torí pé nígbà ìpàdé àkọ́kọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀. Ẹ yá mẹ́jọ, kí ẹ sì mọ ibi tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ máa ṣàn sí kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé.